Ẹrù Tí Kò Yẹ Kí Ó Wọ Ọkọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Òwe yìí bá ìgbín mu, ṣùgbọ́n kò bá ẹni tí ń kó láti ilé kan lọ sí òmíràn mu tán. Kò sí ohun tí ó lè gbiná nínú ìkarahun ìgbín. Ti ọmọ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrù kan wà tí ó yẹ kí ó wọ ọkọ̀, òmíràn wà tí ó yẹ kí ẹlẹ́rù gbé dání fúnra rẹ̀, òmíràn sì wà tí kò gbọdọ̀ bá a lọ rárá.

Ìlú Ìwó mọ ọ̀rọ̀ ẹrù kíkó dáadáa. Nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 1991, tí Òṣogbo di olú-ìlú rẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba kó kúrò n'Íbàdàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ó lọ sí Òṣogbo sì gba Ìwó kọjá. Láti ọdún 2002 tí Yunifásítì Bowen ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Onítẹ̀bọmi wà tẹ́lẹ̀, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń kó wọlé, wọ́n ń kó jáde. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé ohun gbogbo ni wọ́n ń dì pọ̀.

Èyí tí ó léwu jù ni ohun tí ń gbiná: bẹntiróòlù, kẹrosíìnì, gáàsì ìdáná, ọ̀dà, ìṣáná àti ẹ̀tù ọdẹ. Àwọn kan rò pé bí ìdérí agolo bá ti le, ewu ti tán. Wọn kò mọ̀ pé oru bẹntiróòlù ni iná ń jó, kì í ṣe omi rẹ̀. Oru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè bí èéfín, ilẹ̀ ọkọ̀ ni ó ń rà lọ títí yóò fi kan sìgá tàbí wáyà tí ń ta iná. Bí ó tutù bíi yìnyín pàápàá, oru yìí kò yé jáde, áńbọ̀sìbọ́sí ní ọ̀sán gangan, nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi tapólì bò. Bẹ́ẹ̀ náà ni gáàsì ìdáná ṣe wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Nítorí náà, kí wọ́n fa epo inú jẹnẹrétọ̀ àti sítóòfù gbẹ kí wọ́n tó gbé wọn. Bátìrì mọ́tò kò sì gbọdọ̀ dùbúlẹ̀, kí ásíìdì rẹ̀ má baà dà.

Ẹrù kejì ni èyí tí kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni: ìwé-ẹ̀rí, ìwé ilẹ̀, owó, wúrà àti oògùn. Bí àga bá sọnù, wọn a ra òmíràn. Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí ó bá sọnù a máa mú ni dé àgọ́ ọlọ́pàá, a sì tún mú ni dé kóòtù lọ búra. Ínsúlíìnì tí alárùn ìtọ̀ ṣúgà kò tíì ṣí, àárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí; ooru ọkọ̀ akẹ́rù a bà á jẹ́.

Ẹrù kẹta ni èyí tí òfin dè. Ẹni tí ó bá mọ oríkì Ìwó mọ̀ pé odídẹrẹ́ ni ẹyẹ ìlú náà. Ọmọ Ìwó tí ń kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lè fẹ́ kí ẹyẹ baba rẹ̀ bá òun lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, ní ìpàdé tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Johannesburg, wọ́n fi odídẹrẹ́ sí ìpele àkọ́kọ́ nínú àdéhùn CITES, èyí tí ń dáàbò bo ẹranko àti ewéko tí ó fẹ́ run. Láti ìgbà náà, wọn kò gbọdọ̀ fi èyí tí wọ́n mú nínú igbó ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn; ẹni tí ó sì fẹ́ gbé èyí tí ó ń sìn kọjá ẹnubodè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Ẹran gbígbẹ náà kì í bá ni lọ, nítorí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹran láti Nàìjíríà nínú ẹrù arìnrìn-àjò.

Agbẹ́rù kò mọ ohun tí ó wà nínú àpótí. Onílé ni ó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá dákẹ́, kì í ṣe dúkìá tirẹ̀ nìkan ni ó fi wewu. Ẹ̀mí awakọ̀ àti ti àwọn tí wọ́n jókòó sórí ẹrù wà nínú rẹ̀.