Ọtí aláàárù ni stout: ẹ fi ahọ́n díwọ̀n rẹ̀, ẹ yé fi àhesọ mu ún

Bí ẹ bá jókòó sí ilé ọtí èyíkéyìí ní Òṣogbo, láti Ọláìyá títí dé Òkè-Fíà, gbólóhùn mẹ́ta lẹ máa gbọ́ nípa ọtí dúdú: ọtí ọkùnrin ni, ó ń fúnni lẹ́jẹ̀, ó sì ń fúnni lágbára lóru. Ẹ wá bi ẹni tó ń sọ ọ́ pé báwo ló ṣe rí lẹ́nu. Á ní, "Ó korò, ó nípọn." Ó parí. Lójú tèmi, ìwọ̀sí lèyí jẹ́ fún ọtí tó dáa, ewu ló sì jẹ́ fún ẹni tó ń mu ún.

Ẹ jẹ́ ká ti orírun bọ̀. Ìlú London ni ọtí yìí ti wá, ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn. Àwọn aláàárù tó ń ru ẹrù lójú pópó àti létí odò Thames ló fẹ́ràn ẹ̀ jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní porter, ìyẹn aláàárù. Èyí tó bá le jù nínú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "stout porter". Nígbà tó yá, wọ́n gé orúkọ náà kúrú, ó ku stout. Arthur Guinness, tó gba ilẹ̀ ilé ìpọntí rẹ̀ ní Dublin lọ́dún 1759, ale ló kọ́kọ́ ń pọn. Nígbà tó di 1799, ó pa ale tì, ó gbájú mọ́ porter. Guinness ti dé Sierra Leone lọ́dún 1827. Wọ́n dá Guinness Nigeria sílẹ̀ lọ́dún 1950, ilé ìpọntí Ìkẹjà sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn odi Britain àti Ireland. Odeku tí ẹ fi ń ṣe fọ́ọ̀mù yẹn, ọmọ-ọmọ ọtí aláàárù ni.

Kí ló wá jẹ́ kó dúdú? Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe oògùn. Wọ́n ń rẹ ọkà sómi kó hù díẹ̀, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á sì yan apá kan nínú ẹ̀ títí á fi dúdú bíi kọfí. Ọkà yíyan yẹn ló ni àwọ̀, òun ló sì ni òórùn.

Láìpẹ́ yìí, ìbátan mi kan mú Fuller's London Porter bọ̀ láti London. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Guinness Foreign Extra Stout, Legend àti Trophy Stout. Èmi àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta la jókòó tì í. A ní kí àbúrò mi dà wọ́n sínú ife níbi tá ò ti ní rí i, kó kọ nọ́ńbà sí wọn lára. A tún mú wọn kúrò nínú fíríìjì ṣáájú, torí ọtí tó bá tutù bíi yìnyín ń pa ahọ́n kú ni. Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀, ẹ fi díẹ̀ sẹ́nu, ẹ jẹ́ kó dúró kẹ́ ẹ tó gbé e mì.

Porter yẹn, 8 nínú 10 ni mo fún un. Ó ń rùn bíi kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan, ó dùn díẹ̀, ìkorò ẹ̀ sì rọra ń bọ̀ lẹ́yìn. Guinness náà gba 8: ó le, ó dà bíi ṣúgà tó jó, ó sì ń kan díẹ̀ níparí. Mo fún Legend ní 7, Trophy Stout ní 7. Àwọn méjèèjì bá súyà mu ju porter lọ, ata kò bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó búra pé Guinness nìkan lòun ń mu láti yunifásítì, ife Legend ló nawọ́ sí. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó mọ ti ẹ̀. Ọ̀kan fún porter ní 4, mo ní kí ló dé? Ó ní, "Kò lè pa èèyàn." Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé adùn nìyẹn?

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Porter yẹn, 5.4% ni, Guinness ti ọ̀dọ̀ wa, 7.5%. Ìgò ńlá 60cl rẹ̀ kan ní mililítà 45 ọtí líle pọ́ńbélé nínú. Ní Britain, ìwọ̀n kan jẹ́ mililítà 10, ìmọ̀ràn ìjọba wọn sì ni kéèyàn má kọjá ìwọ̀n 14 lọ́sẹ̀. Ìgò ńlá mẹ́ta jẹ́ 13.5. Èyí tẹ́ ẹ mu lálẹ́ Friday kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ti ọ̀sẹ̀ kan tán, kẹ́ ẹ tún wá gun ọ̀kadà lọ sílé.

Ti ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ọdún 1929 ni Guinness bẹ̀rẹ̀ ìpolówó ńlá tó ń sọ pé ọtí náà dára fún ara. Ìpolówó ọjà ni, kì í ṣe ìwé dókítà. Iron inú ẹ̀ kéré débi pé kò lè wo àìtó ẹ̀jẹ̀ sàn. Ẹ̀wà, ẹran àti ẹ̀fọ́ ló ń ṣe ìyẹn. Ìyá tó bá ń gbé stout fún aláboyún, ẹ bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Àwọn onímọ̀ ìlera kò fọwọ́ sí ọtí kankan fún aláboyún.

Mi ò sọ pé ká pa ọtí dúdú tì o. Ẹni tí ẹ̀sìn ẹ̀ ò bá gbà á, kó má mu ún. Àwa tá a bá fẹ́ mu, ká mu èyí tó ládùn, kó sì mọ níwọ̀n. Iléṣà ò sì jìnnà sí wa. Lawrence Omole, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ló dá International Breweries sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1971, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí pọntí ní 1978. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé ìpọntí wa gbá mú. Ọkà bàbà ṣì wà nínú Guinness ti Nàìjíríà títí dòní. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí àgbàdo hù kó tó di ọtí, kí òyìnbó tó dé.

Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ ilé ìpọntí Iléṣà rèé: ẹ pọn porter fún wa, 5% péré, láti ara ọkà bàbà yíyan, kẹ́ ẹ sì kọ ọkà bàbà gàdàgbà sára ìgò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rà á náà, Òṣómàáàló kì í dìde títí owó ẹ̀ á fi pé. Ẹ lóṣòó ti owó yín: ẹ béèrè adùn.