Iná Mànàmáná Nínú Balùwẹ̀: Fíúùsì Kì Í Gba Ẹ̀mí Là

Ẹ̀yin ìyá ilé àti ẹ̀yin baálé ilé, nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, púpọ̀ nínú wa ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Mùṣin kì í lè fi omi tútù wẹ ọmọ. Nígbà tí gáàsì sì ti wọ́n, bọ́ìlìn-ríǹgì ni a ń tì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sínú balùwẹ̀ gan-an, a sì na wáyà wá bá a láti inú yàrá. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé iná tó gbé ènìyàn nínú balùwẹ̀ burú ju èyí tó gbé e ní pálọ̀ lọ.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Awọ ara tó gbẹ máa ń ṣe agídí sí iná. Èyí tó tutù a ṣílẹ̀kùn fún un. Iná ilé wa jẹ́ 230 fóòtì. Bí ara bá tutù, tí ẹsẹ̀ sì wà lórí símẹ́ńtì tó tutù, ohun tó lè gba inú ara kọjá lè tó 200 mílì-áńpù. (Ẹgbẹ̀rún mílì-áńpù ni áńpù kan.) Bí 10 tàbí 15 péré bá gba ọwọ́, iṣan ọwọ́ lè ká, kí ẹni náà má lè tú ọwọ́ sílẹ̀ mọ́. Bí ó bá tó 50 tàbí 100, tó sì gba àyà kọjá, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n rìrì dípò kí ó máa lù, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dé ọpọlọ. Ẹ wá wo fíúùsì inú pọ́lọ́ọ̀gì yín: 13 áńpù ni, èyí já sí 13,000 mílì-áńpù. Kí irú iná bẹ́ẹ̀ tó lè jó fíúùsì, yóò ti pa ènìyàn. Wáyà ni fíúùsì ń ṣọ́ kí ó má baà gbiná. Kò mọ̀ bóyá ènìyàn wà nídìí rẹ̀.

Nítorí èyí ni wáyà kẹta fi wà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Bí iná bá ṣìnà wọ ara irin ẹ̀rọ kan, wáyà yìí ni yóò gbé e lọ kíákíá tí fíúùsì yóò fi jó. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń so wáyà náà mọ́ páìpù omi, nítorí pé irin ni páìpù ìgbà náà, ó sì wọnú ilẹ̀ jìnnà. Irú páìpù bẹ́ẹ̀ ni ó gbòde nígbà tí LEDB bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí Sùúrùlérè lẹ́yìn 1955. Lónìí, ẹ lọ wo ẹ̀yìnkùlé: irin ti dípẹtà, púlọ́ńbà ti gé e, ó ti fi páìpù oníke rọ́pò rẹ̀. Iná kì í gba inú ike kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé páìpù yẹn ni ilé gbẹ́kẹ̀ lé, ọjọ́ tí wọ́n gé e ni ẹ́ẹ̀tì ilé ti kú. Gílóòbù ṣì ń tàn, fáànù ṣì ń yí, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Ó ti pẹ́ tí òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí iṣẹ́ iná tiwa ti ṣẹ̀ wá, ti kọ̀ kí a fi páìpù omi nìkan ṣe ẹ́ẹ̀tì.

Ní 1981, òfin wọn tẹnu mọ́ ọn pé kí a fi wáyà so gbogbo irin inú balùwẹ̀ pọ̀: páìpù, bàfù onírin, àti ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Bí ẹni tó ń wẹ̀ bá di ẹ̀rọ omi mú lọ́wọ́ kan, tí ọwọ́ kejì sì kan hítà, agbára méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, iná kò sì ní rí ìdí tí yóò fi gba àárín àyà rẹ̀ kọjá. Láti 2008 ni wọ́n ti ń béèrè RCD 30 mílì-áńpù fún gbogbo iná balùwẹ̀. Níbi tí èyí àti ẹ́ẹ̀tì ilé bá péye, wọ́n lè má so irin inú balùwẹ̀ pọ̀ mọ́. RCD dà bí ìyálọ́jà tó ń ka owó tó jáde àti èyí tó wọlé. Bí iná tó lọ kò bá dọ́gba pẹ̀lú èyí tó padà, ó mọ̀ pé díẹ̀ ti gba ibòmíràn, bóyá ara ènìyàn, yóò sì gé e kí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Òfin kan náà gba sọ́kẹ́ẹ̀tì láàyè nínú balùwẹ̀ bí ó bá jìnnà sí ibi ìwẹ̀ ní mítà méjì àbọ̀. Mélòó nínú balùwẹ̀ wa ló tilẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ní ilẹ̀ wa, àjọ NEMSA ni òfin gbé àyẹ̀wò iná lé lọ́wọ́, àwọn ló sì ń fún oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n nínú ilé oníyàrá púpọ̀ ní Mùṣin, tí gbogbo ayálégbé ń lo balùwẹ̀ kan, ta ni yóò pe oníṣẹ́? Lójú tèmi, iṣẹ́ onílé ni, bí ó ti jẹ́ tirẹ̀ láti tún òrùlé ṣe. Kí oníṣẹ́ náà fi ẹ̀rọ wọn ẹ́ẹ̀tì, kí ó má ṣe fi ojú wò ó lásán. Bí RCD bá wà, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì T tó wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà; bí iná kò bá kú, ó ti bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ omi bá sì ń ta yín lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe fi ṣe ẹ̀rín. Ẹ pa iná náà, kí ẹ pe oníṣẹ́.

Ní ti bọ́ìlìn-ríǹgì, ìta balùwẹ̀ ni kí ẹ ti lò ó, níbi tó gbẹ, tí ọmọdé kò lè dé. Ẹ má ṣe ki ìka bọ omi wò bóyá ó ti gbóná. Ẹ pa súwíìṣì, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Bí iná bá gbé ènìyàn, ẹ má ṣe dì í mú. Ẹ pa iná láti orísun rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dúró lórí ohun tó gbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ ti wáyà kúrò lára rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, kí ẹnì kan pe 767 tàbí 112, kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ẹ má ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹni tó bá sì dìde fúnra rẹ̀ tó ní ara òun ti le, ẹ mú un dé ilé ìwòsàn síbẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.