Ará Ẹ̀yìn Tó Gbé Àbá Kan Wá Nígbà Mẹ́sàn-án

Ìbéèrè kan kì í wọ́n nínú ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá tá a wà lájò: kí ni aṣòfin kan ṣoṣo, tí kì í ṣe mínísítà, lè ṣe fún ẹni tó ń gbé ìlú onílùú? Ẹ jẹ́ ká wo Fenner Brockway nílùú Ọba.

Nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, àwọn mínísítà àti àwọn aṣáájú alátakò ló ń jókòó níwájú. Ẹ̀yìn ni àwọn yòókù ń jókòó sí. Ẹ̀yìn yìí ni Brockway wà látìgbà tí àwọn ará Eton àti Slough ti dìbò yàn án lọ́dún 1950. Ọmọ míṣọ́nnárì ni, Calcutta ní Íńdíà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1888. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀, débi pé àwọn kan ń pè é ní aṣojú Áfíríkà.

Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní lọ́wọ́? Àkọ́kọ́ ni ìbéèrè. Ó lè bi mínísítà ní ọ̀rọ̀ lójúkojú tàbí nínú ìwé, wọ́n á sì kọ ìbéèrè àti èsì ẹ̀ sínú Hansard, ìwé àkọsílẹ̀ ilé náà. Ibẹ̀ lagbára ẹ̀ wà. Táwa náà bá kó ẹjọ́ lọ bá aṣòfin wa, ká bi í pé ọjọ́ wo ló sọ ọ́ nínú ilé, kì í ṣe ohun tó sọ fún wa ní pálọ̀ ẹ̀ o.

Èkejì ni àbá òfin. Láyé ìgbà yẹn, adúláwọ̀ tó ń wá yàrá ní Lọ́ńdọ̀nù lè bá ìwé lójú fèrèsé pé wọn ò fẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn ọmọ wa tó lọ kàwé níbẹ̀ jẹ nínú ìyà yìí. Kò sófin kankan tó ní kí onílé má kọ ọ́. Lọ́dún 1956, Brockway gbé àbá wá pé kí irú ẹ̀tanú bẹ́ẹ̀ di èèwọ̀ lábẹ́ òfin. Kò yọrí sí rere. Ó tún gbé e wá. Nígbà tó fi máa di 1964, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án.

Kí ló ń pa á? Ìjọba ló ni àkókò ilé, ọjọ́ Ẹtì díẹ̀ ló sì máa ń kù fún àbá àwọn ará ẹ̀yìn. Tí àkókò bá ti tán, tí aṣòfin kan péré bá pariwo pé òun ò fara mọ́ ọn, ó parí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ẹnì kan péré!

Lọ́dún 1964, ẹgbẹ́ Labour tirẹ̀ wọlé, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ fìdí rẹmi pẹ̀lú ìbò 11. Wọ́n sọ ọ́ di Lọ́ọ̀dù. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba Harold Wilson ṣòfin àkọ́kọ́ lórí ẹ̀tanú ẹ̀yà. Òtẹ́ẹ̀lì àti irú àwọn ibi táráàlú ń wọ̀ bẹ́ẹ̀ ni òfin náà mú, kò kan ilé gbígbé, kò kan iṣẹ́. Ẹni tó ti wá yàrá nílùú onílùú rí mọ̀ pé ilé yẹn gan-an lọ̀ràn. Ó di 1968, ọdún tí Brockway pé ẹni 80, kí òfin mìíràn tó kan ilé àti iṣẹ́.