Ọmọ Oṣù Méje, Gìrì àti Àwùjẹ̀

Bí a bá bí ọmọ nílẹ̀ Yorùbá, ibi méjì tí ìyá àgbà kì í gbójú kúrò ni ìwọ́ ọmọ àti àwùjẹ̀ rẹ̀. Bí àwùjẹ̀ bá jìn, ó mọ̀ pé omi ti gbẹ lára ọmọ. Bí ó bá wú, ó mọ̀ pé ọ̀ràn ń bẹ. Ìmọ̀ àtayébáyé yìí kì í ṣe àṣìṣe. Ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn tí a bá ti rí àmì ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò, pàápàá lórí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé.

Ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni oṣù rẹ̀ kò pé. Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ oṣù méje a máa yè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìhámọ́ra rẹ̀ kò pé. Ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn oyún ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú èròjà tí ń bá àrùn jà ń ti ara ìyá bọ́ sí ara ọmọ. Awọ ara ọmọ bẹ́ẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Nítorí náà, kòkòrò bakitéríà tí ó gba ojú ìwọ́ tàbí ọwọ́ àìmọ́ wọlé lè dé inú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì ti ibẹ̀ dé awọ tí ó bo ọpọlọ. Àrùn yìí ni à ń pè ní yínrùnyínrùn.

Orúkọ náà lè tan ni jẹ. Ọrùn àgbàlagbà tí ó bá mú a máa le. Ti ọmọ tuntun kì í sábà le. Àmì tirẹ̀ ni pé kò fẹ́ mu ọmú mọ́, ara rẹ̀ gbóná tàbí kí ó tutù jù, oorun rẹ̀ pọ̀ jù, igbe rẹ̀ yí padà, èémí rẹ̀ sì ń dáwọ́ dúró. Gìrì lè tẹ̀ lé e. Wíwú àwùjẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó hàn. Nígbà mìíràn kì í hàn rárá.

Ní ti gìrì ni àṣà ti ń ṣì wá lọ́nà. Àwọn kan yóò ní àbíkú ni, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ́run ni ó ń pè é. Àwọn mìíràn yóò ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná, tàbí kí wọ́n fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn fi hàn pé àgbo yìí a máa dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, a sì máa ni èémí lára. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ń pa kòkòrò tí ó ti dé ọpọlọ.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà yóò fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ láti ẹ̀yìn ọmọ. Ọ̀pọ̀ òbí a máa kọ̀, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé ọmọ yóò yarọ. Ìsàlẹ̀ ibi tí mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn parí sí ni abẹ́rẹ́ náà ń wọ̀. Omi náà ni yóò sì sọ irú kòkòrò tí ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó máa fi abẹ́rẹ́ fún ọmọ ní oògùn apakòkòrò fún ọjọ́ 14 sí 21, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí ó pẹ́ dé lè yè, kí ó sì di adití, tàbí kí omi kún orí rẹ̀.

Àṣà wa tí ó lè gbà wá náà ń bẹ. Láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni a ń kó ọmọbìnrin jáde, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Kí ọjọ́ náà tó pé, ọwọ́ díẹ̀ ni ó ń kan ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ti ọmọ oṣù méje gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹni tí yóò gbé e sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ má fi eérú tàbí ìgbẹ́ màlúù sí ìwọ́. Ọmú ìyá ni kí ó máa mu, kí a sì gbé e sí àyà ìyá, ara kan ara. Ní Bogotá, ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìtọ́jú yìí ní ọdún 1978. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kété tí a bá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Kí ìyá àgbà máa wo àwùjẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dúró dìgbà tí yóò wú. Ọmọ tuntun tí ó kọ ọmú ti sọ tẹnu rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.