Kí a tó dá kpayo lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí á wo tíyò

Ọ̀nà tí ó ti Àjàṣẹ́ wá, tí ó gba Sakété kọjá sí Pobè, tí ó sì lọ títí dé Kétu, ni ọ̀pọ̀ ará ẹ̀kùn Plateau ń tọ̀ lọ sí ọjà, sí ilé ìwòsàn àti sí ibi iṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ń ná ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn ará Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà ti lò wọ́n fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó gba èbúté Kútọnu wọlé. Bí ọkọ̀ bá sì ti ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ooru ẹ́ńjìnì ń gbẹ omi ara rọ́bà inú rẹ̀: á le, á sán, ní ọjọ́ kan á yọ kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́.

Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́nranwọ̀nran. Bí ó bá dúró láti gbé èrò, ìró ẹ́ńjìnì kò ní dọ́gba mọ́: á ròkè, á rọlẹ̀, á máa gbọ̀n, nígbà mìíràn á kú pátápátá. Kpayo tí a ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ni a máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ni a ó ra « bougie » tuntun, a ó tú « carburateur », a ó pààrọ̀ pọ́ńpù. Owó á lọ, àìsàn á kù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tíyò rọ́bà kan tí kò tó ìka ọwọ́ ló já lábẹ́ ìdérí iwájú ọkọ̀. Àwọn atọ́kọ̀ṣe wa ń pe tíyò náà ní « durite », wọ́n sì ń pe àìsàn tí ó ń fà ní « prise d'air ».

Bí ẹ́ńjìnì ṣe ń mí

Ẹ́ńjìnì tí ń jẹ ẹsáǹsì a máa mí sínú bí ènìyàn. Ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ni ilẹ̀kùn kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní « papillon », èyí tí í ṣe labalábá ní èdè wa. Nígbà tí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí « accélérateur », labalábá yìí á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì kò ní yé fa afẹ́fẹ́. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ tí ó kù lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà á fúyẹ́ gan-an. Agbára rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìdámẹ́ta ti afẹ́fẹ́ ìta lọ. Afẹ́fẹ́ ìta ní tirẹ̀ wúwo: ó ń tẹ gbogbo nǹkan pẹ̀lú ìwọ̀n kìlò kan lórí sẹ̀ntímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí ihò bá wà níbikíbi, á rọ́ wọlé.

Afẹ́fẹ́ tí ó bá gba ihò wọlé, ẹ́ńjìnì kò kà á mọ́ èyí tí ó ń retí. Ẹsáǹsì kò ní tó o mọ́, iná inú ẹ́ńjìnì kò sì ní jó dáadáa. Níbí ni a ti lè fi ìyàtọ̀ sí i. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tí ó dúró, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ yá nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, ẹ fura sí tíyò, nítorí pé bí labalábá bá ṣí, fífà náà á dínkù, afẹ́fẹ́ ihò kò sì ní jẹ́ nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́ tàbí tí ó ń gun òkè ni ó ń kọ́sẹ̀, ẹ wo ẹsáǹsì àti àsẹ́ rẹ̀.

Ìjánu ni ewu tí ó tóbi jù

Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ kò jẹ́ kí agbára fífà yìí ṣòfò. Ní 1927, Albert Dewandre, ará Belgium, lò ó láti ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ lórí ìjánu. Ohun èlò náà ni « servofrein », ìlù irin róbótó tí ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, ní iwájú awakọ̀. Tíyò kan ló so ó mọ́ ọ̀fun ẹ́ńjìnì. Bí tíyò yìí bá já, ìjánu á le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọkọ̀ á ṣì dúró, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀nà jíjìn, àti lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó kó èrò àti àpò àgbàdo kún ọkọ̀, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì Issaba, kò ní ààyè fún irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń wá a

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ fa ìjánu ọwọ́, kí ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ó sì tutù. Ẹ fi ojú tọ tíyò kọ̀ọ̀kan láti ọ̀fun ẹ́ńjìnì títí dé ibi tí ó ń lọ. Ẹ wá ẹnu irin tàbí ike tí kò sí ohun tí ó bò ó, àti tíyò tí orí rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro. Ẹ fi ìka wo abẹ́ wọn, nítorí pé ibẹ̀ ni rọ́bà sábà máa ń sán sí. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, ìwé kan wà tí a lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí, tí ó ya àwòrán ibi tí tíyò kọ̀ọ̀kan ń lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnì. Ẹ ká apá aṣọ àti ìborùn yín kúrò nítòsí fáànù àti bẹ́líìtì. Ẹ tẹ́tí sí ìró « ṣíí ». Bí ẹ bá fi tíyò gígùn kan sí etí bí dókítà ṣe ń ṣe, ẹ ó mọ ibi tí ìró náà ti ń jáde. Ẹ kán omi ọṣẹ sí ibi tí ẹ fura sí. Bí ìró ẹ́ńjìnì bá yí padà, ihò wà níbẹ̀. Àwọn kan a máa wọ́n ẹsáǹsì dípò omi ọṣẹ. Ẹ má ṣe dán an wò: ẹ́ńjìnì gbígbóná àti ẹsáǹsì, iná ni wọ́n ń bí.

Bí orí tíyò bá ya, tí ó sì gùn tó, ẹ gé orí náà kúrò, kí ẹ tì í padà, kí ẹ sì dè é. Ẹ má fi igi tàbí ìṣó dí ẹnu ihò láti pa ariwo rẹ̀. Fún tíyò ìjánu, ẹ má fi tíyò omi rọ́pò rẹ̀: afẹ́fẹ́ ìta á tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ìjánu á sì tún le. Èyí tí a ṣe fún iṣẹ́ náà ni kí ẹ rà, kí ẹ sì bẹ atọ́kọ̀ṣe pé kí ó fi ibi tí èyí tó gbó ti ya hàn yín.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì, ẹ tẹ ìjánu ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún títí yóò fi le. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ẹ wá tan ọkọ̀. Bí ẹsẹ̀ yín bá rì sísàlẹ̀ díẹ̀, agbára ìjánu pé. Bí kò bá rì, ẹ má ṣe kó èrò; ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ wo tíyò.