Bí Irin Ṣe Ń Di Ọ̀pá Láàárín Róólà, àti Ìdí Tí Ó Fi Yẹ Kí A Wọ̀n Ọ́n Kí A Tó Kọ́lé

Ní ọdún yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tí ó dà bí ẹni pé ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni, ṣùgbọ́n tí ó kan gbogbo ẹni tí ó ń dá owó jọ láti kọ́ ilé, ilé-kéwú tàbí mọ́ṣáláṣí. Ọ̀rọ̀ náà ni bí wọ́n ṣe ń fi róólà tẹ irin títí yóò fi di ọ̀pá tí àwọn bíríkìlà ń rì mọ́ inú kọnkéré. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é yóò mọ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi rẹ́ ẹ jẹ.

Láyé àtijọ́, ọmọ-owú ni àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa fi ń na irin. Wọn a fi ẹwìrì fẹ́ iná títí irin yóò fi pọ́n, wọn a sì lù ú títí yóò fi di ọkọ́ tàbí àdá. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò yá, ojú àti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ nìkan ni ó sì ń wọn bí irin ṣe nípọn tó. Ní ọdún 1783, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Henry Cort gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí róólà tí a gbẹ́ ojú ọ̀nà yí ara rẹ̀ ká, tí ó lè sọ irin gbígbóná di ọ̀pá kíákíá. Irú róólà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò wa. Ẹ̀yin náà ń rí àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri Muṣin, Sùúrùlérè àti Yábà, tí wọ́n ń ra àlòkù irin. Ara mọ́tò tí ó ti bàjẹ́ àti ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni wọ́n ń kó jọ. Púpọ̀ nínú irin wọ̀nyí ń dé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ irin, irú èyí tí ó wà ní agbègbè Ìkòròdú àti Ògíjo. Níbẹ̀ ni iná ìléru yóò ti yọ́ wọn bí omi, ní ooru tí ó tó 1,600 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọn yóò dà á sínú ohun tí ó máa fún un ní ìrísí, yóò sì di òpó kúkúrú onígun mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní billet.

Àlòkù irin nìkan kọ́ ni ìjọba gbójú lé tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1982, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ Delta Steel ní Aladja, kí ó lè máa yọ́ irin fún àwọn ilé róólà mẹ́ta tí ìjọba kọ́ sí Òṣogbo, Jos àti Katsina. Wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ó lè mú 210,000 tọ́ọ̀nù jáde lọ́dún. Ṣùgbọ́n billet kò dé ọ̀dọ̀ wọn déédéé, róólà tí kò sì rí irin tẹ̀, ńṣe ni yóò dúró. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ìjọba tà wọ́n fún àwọn aládàáni. Èyí wà lára ohun tí ó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń yọ́ àlòkù ni púpọ̀ nínú ọ̀pá irin tí a ń rà ti ń wá.

Báwo wá ni róólà ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹni tí ó bá ti wọ ilé búrẹ́dì rí yóò ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò. Irin róbótó méjì ni, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí wọ́n ń yí ní òdì sí ara wọn. Bí ìyẹ̀fun bá kan àárín wọn, wọn a fà á wọlé, a sì jáde ní òdìkejì ní pẹlẹbẹ, a gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti irin. Wọn a tún mú billet gbóná tó nǹkan bí 1,100 sí 1,200 kí ó lè rọ̀, wọn a sì ti i sí àárín róólà. Kò lè di ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé ó lè há tàbí kí ó sán. Láti róólà kan bọ́ sí èkejì ni, àlàfo èyí tí ó wà níwájú sì ń kéré ju ti ẹ̀yìn lọ. Bí irin náà ṣe ń tín-ín-rín sí i ni ó ń gùn sí i, tí ó sì ń sáré sí i. Ara róólà ìkẹyìn ni wọ́n gbẹ́ ilà sí. Ilà yìí ni ó ń di egbò gígùn tí a ń fọwọ́ bà lára ọ̀pá, tí kọnkéré fi ń dì í mú. Bí ojú róólà bá tẹ́jú, tí kò ní ojú ọ̀nà, pákó irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò jáde, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ títí yóò fi di páànù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: róólà kì í dá irin kún irin. Ohun tí ó wọlé náà ni ó jáde, ńṣe ni wọ́n kàn nà án. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mú bírò. Billet tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 100, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.5, yóò di ọ̀pá onímìlímítà 12 tí gígùn rẹ̀ tó mítà 132, bí a kò bá ka ìwọ̀nba tí ń ṣòfò. Mítà 12 ni gígùn ọ̀pá kan lọ́jà, nítorí náà ọ̀pá 11 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń tẹ irin bá fún róólà pọ̀ di mìlímítà 11, billet yẹn kan náà yóò di ọ̀pá 13. Ọ̀pá 2 ti lé. Níbo ni wọ́n ti wá? Lára òpó ilé ẹni tí ó rà á bí 12 ni. Irin tí ó ń gbé ẹrù rẹ̀ ti dín ní 16 nínú 100, ojú lásán kò sì lè rí i.

Súrà odidi kan, Suratul-Mutaffifin, ni a fi àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù sọ lórúkọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ìrẹsì àti gàrí nìkan ni òṣùwọ̀n wà fún.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fáàjì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tí ó kú. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 2022, ilé alájà mẹ́ta wó ní òpópónà Ìbàdàn ní Ebúté-Mẹ́ta, nítòsí wa níhìn-ín. A kò sọ pé irin ni ó wó èyí tàbí ìyẹn. Ohun tí ń wó ilé pọ̀: símẹ́ǹtì tí kò tó, àjà tí a gbé lé ìpìlẹ̀ tí kò lè gbé e, ilé tí ó ti gbó. Ṣùgbọ́n irin jẹ́ ọ̀kan tí àwa tí kì í ṣe ẹnjiníà lè yẹ̀ wò fúnra wa.

Ọ̀nà rẹ̀ nìyí. Ẹ má ṣe fi ìbú ojú rẹ̀ nìkan wọ̀n ọ́n, nítorí egbò ara rẹ̀ lè mú un dà bí èyí tí ó nípọn. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n. Ọ̀pá onímìlímítà 12 tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 12 yẹ kí ó wọ̀n tó kílò 10.66. Èyí tí ó jẹ́ 11 kò ní ju kílò 9 lọ. Ọ̀pá onímìlímítà 16 yẹ kí ó tó kílò 19. Òfin fi àyè ìyàtọ̀ díẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kílò kan àbọ̀ kì í ṣe ìyàtọ̀ díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tọ́ọ̀nù ni ẹ rà, ẹ ka iye rẹ̀: ọ̀pá 93 tàbí 94 ni tọ́ọ̀nù kan ti 12. Bí ọlọ́jà bá ka 110 fún yín, ẹ má ṣe rò pé ó ṣe yín lóore. Irin tín-ín-rín ni ó kó fún yín. Ẹ tún wo àmì ilé-iṣẹ́ tí róólà tẹ̀ sára rẹ̀.

Òṣùwọ̀n kò lè sọ bóyá irin náà le tó. Iṣẹ́ ẹnjiníà àti àwọn tí ń dán irin wò nìyẹn, irú bí ilé àyẹ̀wò ohun ìkọ́lé ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, owó sàdákà jamáà ni ó wà lọ́wọ́ yín, abẹ́ àjà tí ẹ fi kọ́ sì ni àwọn ọmọ wa yóò jókòó sí kéwú. Ẹ bá wa wọ̀n ọ́n kí bíríkìlà tó dà kọnkéré lé e, nítorí lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí ó tún lè rí i mọ́.