Ẹ̀yà Kọ́ Ló Yẹ Kó Pín Agbára

Ọdún 1974 ni wọ́n tẹ eré Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn eléré á jókòó yí tábìlì ká, oníkálukú á dá ẹ̀dá inú àlọ́ kan sílẹ̀, wọn á sì máa ju dáìsì olójú 20 láti mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n dáwọ́ lé á yọrí.

Nínú ìwé òfin eré náà ti ọdún 2014, ẹ̀yà tí eléré yàn fún ẹ̀dá rẹ̀ ló ń pín agbára. Aràrá gba máàkì 2 kún ìfaradà, elf (irú iwin kan) gba 2 kún ìyára. Aràrá tó fẹ́ di oṣó kò rí nǹkan kan gbà kún ìmọ̀ ìwé, bẹ́ẹ̀ òun ni oṣó fi ń ṣiṣẹ́. Ní 2020, ìwé Tasha's Cauldron of Everything jẹ́ kí eléré gbé máàkì náà síbi tó wù ú. Ìwé ọdún 2024 wá so ó mọ́ ìgbé ayé àtẹ̀yìnwá: àgbẹ̀, ọmọ ogun, akọ̀wé.

Àwọn kan ní ẹ̀yà gbogbo á wá di ọ̀kan náà. Rárá o. Májèlé kì í tètè ran aràrá, elf kò sì nílò oorun.

Irú èrò yìí wà láàárín àwa Yorùbá náà. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí, Òkìtìpupa ni wọ́n ti tọ́ mi. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé wọ́n bí odò mọ́ àwọn Ìlàjẹ tó múlé tì wá, wọ́n bí oko mọ́ àwa. Irọ́ ni. Ọmọ Ìkálẹ̀ tó dàgbà létí omi á mọ ọkọ̀ ọ́ tù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fi ẹ̀yà díwọ̀n ọmọ. Ohun tí a fi kọ́ ọ ni kí ẹ wò.